Igbá, Igba, Ìgbà, Igbà: Bí Mo Ṣe Yan Èdè Kọ̀ǹpútà fún Ọ̀rọ̀ Àwọn Afíngbá

Láti ọjọ́ tí mo ti sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé mo fẹ́ fi ìkànnì kan kún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí: "Kí lo fẹ́ fi kọ ọ́?" PHP ni, àbí Python, àbí Node? Wọn kì í béèrè irú ọ̀rọ̀ tó máa wà níbẹ̀, wọn kì í sì í béèrè ẹni tó máa kà á. Ìbéèrè wọn dára, mo sì ti dáhùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí mo gbà dé ibi ìdáhùn náà kọ́ mi ní ohun tí mo rò pé ó yẹ kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ọdún kejì àti ìkẹta mọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ tiyín. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti jáde, ẹ bá wa dá sí i níbi tó bá ti kù díẹ̀ káàtó.

Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni mo dàgbà sí, nínú ìlú Ọ̀yọ́ tí wọ́n mọ̀ mọ́ igbá fínfín àti iṣẹ́ awọ. Bàbá tó bí bàbá mi fín igbá títí ojú rẹ̀ kò fi ríran dáadáa mọ́. Kò sí ìkankan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ tó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi dá lórí ọ̀rọ̀ tí àwọn afíngbá ń lò lẹ́nu iṣẹ́: orúkọ oríṣiríṣi igbá, láti orí ahá àti àdó títí dé akèrègbè àti igbá ńlá; orúkọ àwọn ọ̀bẹ; ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún pípa igbá, fún rírẹ ẹ́ sínú omi, fún híha inú rẹ̀, fún fífín ara rẹ̀. Mo gba ọ̀rọ̀ bí 400 sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́, mo sì lọ bá àwọn tó ń ta igbá ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú ìyá mi, kí n lè mọ èyí tí wọ́n ń pè bíi tiwa àti èyí tí wọ́n ń pè bí òmíràn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà kò sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè kankan tí mo ní lọ́wọ́. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, tí mo dì í, tí mo fi ṣọwọ́ sí ẹ̀ka, orí pẹpẹ ni yóò wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ìkànnì tí ènìyàn lè wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ lórí fóònù.

Kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé irú ìkànnì tí mò ń sọ, nítorí gbogbo wa kọ́ la kọ́ kọ̀ǹpútà. Oríṣi ìkànnì kan wà tó jẹ́ pé ojú ìwé rẹ̀ ti wà nílẹ̀ látilẹ̀, bíi páálí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Ìkejì ni èyí tó jẹ́ pé kò sí ojú ìwé kankan nílẹ̀ àfi ìgbà tí ẹnìkan bá béèrè. Ó dà bí ìgbà tí oníbàárà bá lọ bá alágbàtà ní ọjà Akẹ̀sán. Oníbàárà sọ ohun tó fẹ́, alágbàtà wọ inú yàrá ẹrù lọ, ó ṣa ohun tí wọ́n béèrè, ó tò ó sínú igbá, ó gbé e jáde. Fóònù yín ni oníbàárà. Yàrá ẹrù ni dátábéèsì, níbi tí ọ̀rọ̀ 400 náà wà. Alágbàtà ni èdè tó ń ṣiṣẹ́ lórí sáfà: PHP, Python, Node, Java àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Alágbàtà yìí ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń bi mí léèrè. Àmọ́ bí yàrá ẹrù bá da ẹrù rú, kí ni alágbàtà fẹ́ ṣe?

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé yàrá ẹrù ni mo kọ́kọ́ dán wò. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni mo mú lọ: igbá tí à ń fín, igba tí í ṣe 200, ìgbà tí í ṣe àkókò, àti igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Mo ṣètò MySQL bó ṣe máa ń wà fúnra rẹ̀, mo sì sọ fún un pé ọ̀rọ̀ kan kò gbọdọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Ó gba igbá. Nígbà tí mo fún un ní igba, ó ní ọ̀rọ̀ náà ti wà níbẹ̀. Mo fún un ní ìgbà, ó tún kọ̀. Igbà náà kò rí ọ̀nà wọlé. Lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ nìyẹn. Ìlànà kan wà tí dátábéèsì fi ń mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ méjì dọ́gba, èyí tó sì jẹ́ àbáwá fún MySQL láti 2018 kì í ka àmì orí lẹ́tà àti ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ sí. Fún ẹni tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí ewu nínú ìyẹn. Fún wa, ohùn ni ọ̀rọ̀. Ẹ ti gbọ́ ọ ní kíláàsì fonọ́lọ́jì láìmọye ìgbà, èmi náà ti kọ ọ́ sínú ìdánwò, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ̀rọ sọ fún mi pé igbá bàbá mi àgbà àti igbà adẹ́mu kò yàtọ̀ ni mo tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà lè di ti owó àti iṣẹ́. Àwọn àgbà ní bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ la ṣe ń bá a pè é. Bí àwa tí a ni igbá kò bá sọ fún ẹ̀rọ bí a ṣe ń pè é, bó ṣe wù ú ni yóò máa pè é.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ìlànà mìíràn wà nínú MySQL kan náà, utf8mb4_bin, tó máa ń fi ọ̀rọ̀ wéra bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an. Mo yí i sí ìyẹn, ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì wọlé. Ṣùgbọ́n ìṣòro mìíràn yọjú: ta ló ń tẹ àmì ohùn lórí fóònù? Ẹni tó ń wá igbá yóò tẹ igba lásán. Nítorí náà, mo fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àyè méjì. Àyè àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, òun ni ojúlówó. Àyè kejì ni ọ̀rọ̀ náà láìní àmì kankan, fún wíwá nìkan. Bí ènìyàn bá tẹ igba, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni yóò jáde, kí ó mú èyí tó fẹ́. Ohun tí ẹ̀rọ fẹ́ fi ṣe ìdarúdàpọ̀ wá di ìrọ̀rùn fún ẹni tó ń wá nǹkan.

Lẹ́yìn yàrá ẹrù, mo padà sọ́dọ̀ àwọn alágbàtà. Ìbéèrè tí mo bi gbogbo wọn kò ju ẹyọ kan lọ: lẹ́tà mélòó ló wà nínú Ọ̀yọ́? Ọmọ aláǹbẹ̀rẹ̀ tó ń kọ́ a-bí-dí yóò sọ fún yín pé mẹ́ta ni. PHP ní 11. Python ní 5. Node náà ní 5. Kò sí èyí tó purọ́. PHP ń ka báìtì, ìyẹn àyè tí ọ̀rọ̀ gbà nínú ẹ̀rọ: Ọ gba mẹ́ta, àmì ohùn tó wà lórí rẹ̀ gba méjì, y gba ọ̀kan, ọ́ tún gba márùn-ún. Python àti Node ń ka lẹ́tà àti àmì ohùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé bí ẹ bá sọ fún PHP kó gé ọ̀rọ̀ kúrú kó lè wọ àyè kékeré kan, ó lè gé e sí àárín lẹ́tà, kí àmì ìbéèrè sì dúró níbi tó yẹ kí ohùn wà. Python kò ní fọ́ lẹ́tà, ṣùgbọ́n ó lè gbé Ọ lọ kó fi ohùn rẹ̀ sílẹ̀. PHP ní àfikún kan tí wọ́n ń pè ní intl. Tí wọ́n bá tan án, ó ní irinṣẹ́ kan tó ń ka Ọ̀yọ́ sí mẹ́ta bí ọmọ aláǹbẹ̀rẹ̀ náà. Node náà ní tirẹ̀. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó lè pè é.

Ohun tó tún jọ mọ́ ọn ni pé ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà tẹ ọ̀ kò mọ ní ẹyọ kan. Fóònù kan lè kó ọ jáde gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan, kó wá fi ohùn lé e. Òmíràn lè kọ́kọ́ tẹ ò, kó tó fi àmì sí ìsàlẹ̀. Ẹ̀kẹta lè tẹ o lásán, kó fi ti ìsàlẹ̀ sí i, kó tún fi ti òkè sí i. Ojú wa kò lè rí ìyàtọ̀ kankan, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ rí i, ó sì kà wọ́n sí nǹkan mẹ́ta. Ìlànà Unicode ti rí èyí tẹ́lẹ̀, ó sì ṣe òfin kan, NFC, tó ń sọ gbogbo wọn di ọ̀kan. PHP, Python, Node àti Java ló mọ òfin náà. Kò sí ìkankan tó ń pa á mọ́ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ pàṣẹ.

Ìtò lẹ́tà ńkọ́? A-bí-dí wa ní lẹ́tà 25, gb sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, lẹ́yìn g. Nínú ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá, gèlè gbọ́dọ̀ ṣáájú gbà. Ẹ̀rọ tí kò mọ̀ wá yóò fi gbà ṣáájú gèlè, nítorí g àti b ló rí. MySQL mọ bí wọ́n ṣe ń to lẹ́tà Swídìn, ó ṣe tán ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ti bí i; kò ní ìtò Yorùbá. Ṣùgbọ́n intl tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ní ìtò Yorùbá nínú. PostgreSQL, dátábéèsì mìíràn, náà lè lò ó láti ẹ̀dà 10 tó jáde ní 2017. Àwọn kan ti jókòó láti kọ ìtò a-bí-dí wa sínú ẹ̀rọ tí gbogbo ayé ń lò. Inú mi dùn nígbà tí mo rí i. Iṣẹ́ àwa tí a ń kọ́ ẹ̀dá èdè ni irú èyí. Ọ̀rọ̀ àmì orí àti ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà ni àwọn àgbà torí rẹ̀ pàdé ní Èkó ní 1875, Àjàyí Crowther ọmọ Òṣogùn sì wà lára àwọn tí iṣẹ́ wọn gbé ìjíròrò náà dìde. Ibi tí wọ́n dé la ti ń bá a lọ.

Ẹ wo ibi tí gbogbo èyí gbé mi dé: nínú ọ̀rọ̀ ohùn, kò sí èdè kọ̀ǹpútà kan tó mọ̀ wá láti ilé. Gbogbo wọn ló lè kọ́. Ẹ̀rí rẹ̀ wà nílẹ̀. Wikipedia Yorùbá, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń kà, ń ṣiṣẹ́ lórí PHP. Wikipedia bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Perl ní 2001, wọ́n sì gbé e sórí PHP àti MySQL ní 2002. Sọ́fítíwíà rẹ̀, MediaWiki, máa ń fi gbogbo ohun tí a bá tẹ̀ sábẹ́ òfin NFC kó tó fi pamọ́, ojú ìwé Igbá àti ti Ìgbà sì lè wà lọ́tọ̀ níbẹ̀. YorubaName.com, tí Kọ́lá Túbọ̀sún, onímọ̀ ẹ̀dá èdè bíi tiwa, dá sílẹ̀ ní 2015, Java ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ ọ́. Èdè méjì tó yàtọ̀ síra, ohùn Yorùbá sì wà lórí àwọn méjèèjì. Nítorí náà, nǹkan mìíràn ló gbọ́dọ̀ pinnu fún mi.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó kàwé kọ̀ǹpútà jáde ní LAUTECH, ló là mí lójú síbi tí kò lérò. Node ló fẹ́ràn. Nígbà tí mo dárúkọ PHP fún un, ó rẹ́rìn-ín.

"PHP kẹ̀? Èdè tí wọ́n ti ń lò kí wọ́n tó bí ẹ?"

"Bọ̀dá, ẹ má bínú, ẹ̀yin náà ń ka Wikipedia."

"Ó dáa, mo gbà. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ẹ́. Tó o bá lọ ṣe àgùnbánirọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ta ló máa máa bójú tó o? Ta ló máa máa sanwó sáfà?"

Mi ò lè dá a lóhùn lọ́jọ́ yẹn. Òótọ́ ló sì sọ nípa ọjọ́ orí rẹ̀: Rasmus Lerdorf, ọmọ tí wọ́n bí ní Greenland, ló bẹ̀rẹ̀ PHP ní 1994 fún ojú ìwé ara rẹ̀, Node dé ní 2009. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ kejì ló wọ̀ mí lára, nítorí ọ̀kan nínú àwọn bàbá afíngbá ní Ọ̀yọ́ ti bi mí nírú rẹ̀ ní tirẹ̀. Mo ṣàlàyé fún bàbá náà pé mo fẹ́ kó ọ̀rọ̀ wọn sínú kọ̀ǹpútà níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i. Ó gbọ́, ó mi orí. Ó ní, "Ọmọ mi, ó dáa. Ilé tuntun lẹ fẹ́ kọ́ fún un nìyẹn. Ta ni yóò máa gbá a?"

Ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbá, ẹ mọ bó ṣe ń rí. Mo ti wo ìkànnì bíi mélòó kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ ní ilé-ìwé oríṣiríṣi. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ṣí mọ́. Ẹni tó kọ́ ọ ti jáde, owó orúkọ ìkànnì ti tán, tàbí ẹ̀dà èdè tó lò ti gbó, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti máa tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ bá a lọ.

Ní orí ìgbálẹ̀ yìí ni àwọn alágbàtà ti wá yàtọ̀ síra. Sáfà àjọlò, tí ọgọ́ọ̀rọ̀ ìkànnì jọ ń gbé orí ẹ̀rọ kan, ló wọ́n kéré jù, àwọn kan sì ń gba náírà fún un nílé níbí. PHP àti MySQL ló máa ń wà lórí rẹ̀ látilẹ̀, oníṣòwò náà ló sì ń bójú tó ẹ̀rọ. Àwọn kan ti ń gba Python àti Node níbẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ní kí ẹ lọ gba sáfà tiyín lọ́tọ̀, tí ẹ ó máa fi dọ́là san lóṣooṣù, tí ẹ̀yin fúnra yín ó sì máa ṣọ́. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí 460 náírà ní ọjà ìjọba ṣáájú oṣù Kẹfà 2023 ti kọjá 1,400 kí oṣù Kejì 2024 tó parí. Ta ni nínú àwọn àbúrò wa tó fẹ́ máa san ìyẹn nítorí igbá? Yàtọ̀ sí owó, Node àti Python sábà máa ń fẹ́ kí iṣẹ́ kan wà lójúfò tọ̀sántòru. Bó bá sùn, ẹnìkan gbọ́dọ̀ jí i. PHP máa ń jí nígbà tí ènìyàn bá béèrè ọ̀rọ̀, á dáhùn, á sì padà sùn. Fún ìkànnì tó lè má rí ju ènìyàn mẹ́wàá lọ lójúmọ́, irú alágbàtà bẹ́ẹ̀ tó.

Nítorí náà PHP ni mo yàn, pẹ̀lú MySQL. Mi ò sọ pé ó dùn mọ́ mi látòkèdélẹ̀. Python ni wọ́n kọ́ wa, òun ni èmi àti ẹ fi ń ka ọ̀rọ̀ nínú àkójọ, láti 2008 tí Python 3 sì ti jáde ni ó ti ń rí ọ̀rọ̀ bí lẹ́tà, kì í ṣe bíi báìtì. Ó mọ́ ju PHP lọ lójú mi. Mo ṣì ń lò ó nílé: Python ni mo fi ń yẹ àmì wò, tí mo fi ń sọ gbogbo rẹ̀ di NFC, tí mo fi ń ṣe àyè kejì tí kò ní àmì. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń kó o lọ fún PHP kó máa tà á. Ìtò a-bí-dí náà, ẹ̀ẹ̀kan ni mo máa ń fi intl ṣe é, tí mo fi kọ́kọ́rọ́ ìtò pamọ́ sínú àyè kẹta, kí MySQL tí kò mọ gb má bàa da nǹkan rú. Ohun tí mo kọ sí PHP kò ju ojú ìwé mẹ́rin lọ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹni tó bá gbà á lè kà á tán láàárín ọ̀sán kan.

Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tó fẹ́ ṣe irú rẹ̀ kò pọ̀. Kẹ́ ẹ tó yan èdè, ẹ mú ọ̀rọ̀ mẹ́rin tó jẹ́ pé ohùn nìkan ló yà wọ́n, ẹ kó wọn sínú dátábéèsì náà, ẹ wò ó bóyá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò jáde. Ẹ ní kó to gèlè àti gbà. Ẹ tẹ Ọ̀yọ́ láti orí fóònù méjì tí kò jọra, kẹ́ ẹ wá a. Bó bá yege, ẹ béèrè orúkọ ẹni tí yóò máa gbá ilé náà lẹ́yìn yín. Bẹ́ ò bá lè dárúkọ ẹnì kan, èdè tó rọrùn jù fún àlejò ni kẹ́ ẹ mú, kì í ṣe èyí tó wu yín jù. Kẹ́ ẹ sì máa fi ẹ̀dà ọ̀rọ̀ náà pamọ́ sínú fáìlì lásán tí ẹ̀rọ èyíkéyìí lè ṣí.

Mo ti tẹ ẹ̀dà kan sórí bébà fún àwọn bàbá ní Ọ̀yọ́, ẹ̀dà kan sì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Owó orúkọ ìkànnì ti wà nílẹ̀ fún ọdún méjì. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì méjì ti gbà láti kọ́ ọ lọ́dọ̀ mi kí n tó jáde. Ọ̀kan nínú wọn kò tíì kọ ìlà PHP kan rí láyé rẹ̀, òun ló sì kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé a kò tíì fi ohùn sórí orúkọ ọ̀bẹ kan. Àyè ẹnì kẹta ṣì ṣófo. Bó bá wù yín, ẹ wá bá wa ní yàrá ìkàwé ẹ̀ka lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀. Bí kò bá síná, abẹ́ igi iwájú ilé la ó wà.